Iná Tí Kì Í Jó

Àádọ́rin pẹ́nsì ni mo rà á nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀,
wọ́n ti lẹ pépà ẹ̀dínwó mọ́ ọn lára:
efinrin òyìnbó, ewé rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọ tuntun.
Kì í ṣe efinrin wa. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹni
tó jọ ẹ̀gbọ́n mi láti ẹ̀yìn,
tó yíjú padà, tí kì í ṣe òun.
Mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná,
àjà kẹrin, Dundee, níbi tí odò Tay
ti ń dán bí páànù láago mẹ́ta ọ̀sán,
tí ilẹ̀ á sì ṣú kí n tó wá bàtà iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kantíkantí.
Mo rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pè wọ́n.
Mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù. Wọn ò lọ.
Inú erùpẹ̀ tútù ni wọ́n ti ń yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìwàásù ò tíì parí.

Lẹ́yìn náà ni iná.
Kì í ṣe iná tó ń jó,
kì í ṣe iná tí mo ń da owó sí mítà nítorí rẹ̀:
iná wẹ́wẹ́, aláwọ̀ ewé, lábẹ́ ewé,
wọ́n dì mọ́ ọ̀mùnú bí ọmọ tí a ò tíì já lẹ́nu ọmú.
Mo po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
mo wẹ ìkòkò bí ẹni wẹ ìkókó,
ọwọ́ kan nídìí, ọwọ́ kan lọ́rùn.
Ọjọ́ kẹta, wọ́n tún dé.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé;
èmi ni mo ń sanwó ilé fún àwọn méjèèjì.

Effie Geddes gòkè wá láti àjà kejì,
ó gbé ẹrù tí wọ́n já sílẹ̀kùn rẹ̀ wá fún mi.
Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún; ó ti ká èso lóko àwọn ẹlòmíràn
títí èékánná rẹ̀ fi gba àwọ̀ tí kò ṣí mọ́.
"Igi mélòó ló wà níbí?" Mo ní ọ̀kan.
Ó rẹ́rìn-ín, ó da ìkòkò sórí ìwé ìròyìn,
a tú gbòǹgbò, a kà á:
mẹ́tàlélógún,
lórí erùpẹ̀ tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Mo rántí Dagenham, ọdún tí mo dé,
àwa mẹ́sàn-án nínú yàrá méjì,
ikọ́ ẹnìkan, ikọ́ gbogbo ilé.
N kò sọ ọ́ fún Effie.

Ó yí ewé kan padà. Abẹ́ rẹ̀ rí
bí ohun tí wọ́n fi eérú nù.
"Èyí ò gba ọṣẹ," ni ó wí.
Èbu ni. Létí mi ó dún bí èébú.
Méjìdínlógún ni a dì sínú ọ̀rá, a so ó lẹ́nu,
mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ìdalẹ̀nù
wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí mo ti mọ̀ ọ́n gbé
ohun tí a ò gbọdọ̀ fi jí àwọn arúgbó
ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru.

Márùn-ún tó kù ń gbé inú ike yógọ́ọ̀tì,
oníkálukú nínú tirẹ̀.
Abẹ́ ni wọ́n ti ń mu omi, láàárọ̀ nìkan.
Mo ṣí fèrèsé díẹ̀. "Afẹ́fẹ́ loògùn," ni Effie wí,
èmi tí mo wọ súwẹ́tà méjì.
Páálí aláwọ̀ ìyeyè tó ń lẹ̀ mú kantíkantí mọ́kànlá
àti apá ẹ̀wù mi.

Lọ́jọ́ Àìkú mo já ewé mẹ́rin sínú ẹyin díndín.
Kò jọ ti ilé. Mo jẹ ẹ́ tán.

Lánàá, nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé,
ohun kan mì lórí ọ̀mùnú ìkẹta.
N kò bọ́ kóòtù.
Mo tan iná kí n lè rí iná.